Kí Ọmọ Wo Gíráàfù Kó Tó Wá Àròpín

Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì ìṣirò tí mo ń wọ̀ ní Ìbàdàn, orí rúlà àti pẹ́ńsù ni ẹ̀kọ́ sìtàtísítíìkì, ìyẹn kíkó iye jọ àti títúmọ̀ wọn, ń parí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á fa ìlà, á pa á rẹ́, á tún un fà. Kó tó ya gíráàfù náà tán, agogo ti dún, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ohun tí gíráàfù ọ̀hún ń sọ. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí pé kí ẹ jẹ́ kí áàpù bá ọmọ fa ìlà, kí ọmọ lè ráyè ronú.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá sọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi dé ilé ìwé kan ní Bódìjà láàárọ̀: 5, 8, 10, 10, 12, 15, 15, 20, 25, 90. Mọ́níyà ni ẹni tó lo 90 yẹn ti ń bọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá a dúró lọ́nà. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 210 ni. Tí a bá pín in sọ́nà mẹ́wàá, àròpín jẹ́ 21. Ọmọ tó ṣe é báyìí á gba máàkì. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo àwọn iye yẹn: mẹ́jọ nínú àwọn mẹ́wàá ni kò lò tó ìṣẹ́jú 21. Ta wá ni 21 ń ṣojú fún? Tí a bá mú iye tó wà láàárín, ìyẹn ìdajì ọ̀nà láàárín 12 àti 15, 13.5 la ó rí, ìyẹn ló sún mọ́ ohun tí ojú ọ̀pọ̀ wọn ń rí láràárọ̀.

Ẹ kọ àwọn iye yìí sínú tábìlì GeoGebra, áàpù ìṣirò kan, kí ẹ ní kó yà wọ́n sórí ìlà. Mẹ́sàn-án á kóra jọ sápá kan, 90 á dá dúró lọ́hùn-ún. Ọmọ ò nílò ìṣirò kankan kó tó rí ìyẹn. Ẹ wá sọ 90 di 30. Àròpín á já wálẹ̀ láti 21 sí 15, àmọ́ iye àárín ò ní mira rárá. Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣàlàyé. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí ọ̀kan fi já tí èkejì fi dúró, kí ẹ sì fún wọn láyè kí wọ́n jiyàn rẹ̀ dáadáa.

Ní 1973, Francis Anscombe, onímọ̀ sìtàtísítíìkì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, gbé àkójọ dátà mẹ́rin jáde, àmì 11 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní iye x àti iye y. Àròpín x jẹ́ 9 nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti y jẹ́ nǹkan bí 7.5, ìlà tó bá wọn mu jù pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: y = 3 + 0.5x. Ṣùgbọ́n ẹ yà wọ́n sórí Desmos, áàpù gíráàfù mìíràn. Àkọ́kọ́ fọ́n yí ìlà náà ká. Èkejì tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ̀kẹta tò gbọọrọ àfi àmì kan tó yà kúrò. Ẹ̀kẹrin dúró lóòró sójú kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló jìnnà sí wọn. Tí mo bá ní kíláàsì kan ṣoṣo láti fi kọ́ ọmọ, èyí ni mo máa lò.

Áàpù ò mọ èyí tó tọ́ o. Ohun tí ẹ bá ní kó yà ló máa yà. Nínú hísítógíráàmù, ìyẹn gíráàfù tó ń kó àwọn iye sí ìpín-ìpín, tí iye ìpín bá kéré jù, gbogbo nǹkan á wọnú ara wọn; tó bá pọ̀ jù, àlàfo á gba ojú ìwé. GeoGebra ní ohun tí a ń fà sọ́tùn-ún sósì láti yí iye ìpín padà. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ fà á, kó sì sọ èyí tó fara mọ́ àti ìdí rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni GeoGebra àti Desmos fún akẹ́kọ̀ọ́. GeoGebra ṣeé lò lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù kan tó fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin: ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́, àwọn yòókù ń bá a jiyàn. Níbi tí wọn ò bá ti gba fóònù láyè, kọ̀ǹpútà alágbèéká olùkọ́ tó ti gba iná dáadáa láti ilé á ṣe é. Ní ti WAEC tí àwọn òbí máa ń bi mí, ọwọ́ ṣì ni ọmọ á fi ya gíráàfù nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Nítorí náà, kó fọwọ́ ya díẹ̀ dáadáa, kó fi áàpù yẹ̀ ẹ́ wò, kí áàpù sì máa ya ìyókù.

Kí dátà náà sì jẹ́ tiwọn. Ẹ rán wọn lọ béèrè iye kóńgò gàrí kan ní Bódìjà àti ní Ọjà Ọba. Tí iye kan bá yọ sókè ju àwọn tó kù lọ, ọmọ tó lọ béèrè á mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú ni wọ́n dárúkọ fún òun níbẹ̀, gàrí pupa sì ni níbòmíràn. Kó kọ irú gàrí náà sínú tábìlì, ní òpó tirẹ̀, kó tó ya ohunkóhun.