Afárá tó so girama mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà

Tech Prep ni wọ́n pe afárá náà, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Ìṣirò ni Calvin Woodward ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Washington, ní ìlú St. Louis. Ó ní kí wọ́n fi pákó ṣe àwòṣe ohun tí wọ́n ń ṣírò, kí wọ́n lè fojú rí ohun tí ìwé ń sọ. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú: wọn kò mọ irinṣẹ́ lò. Ọmọ tó lè yanjú ìṣirò tó ta kókó kò lè gé pákó kó gún. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Woodward, nígbà tó sì di 1879, ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, èdè àti àwòrán yíyà, pẹ̀lú iṣẹ́ pákó àti iṣẹ́ irin.

Rọ́ṣíà ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ ti wá. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá a máa wò, a máa gbé irinṣẹ́, ọdún a sì gorí ọdún kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ iṣẹ́. Victor Della Vos, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Moscow, tú iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, ó tò ó láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le, débi tí olùkọ́ kan fi lè kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ ńlá Philadelphia ní 1876. John Runkle, ààrẹ MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, rí i níbẹ̀, ó sì mú un lò lọ́dún yẹn gan-an.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 1917, Ààrẹ Woodrow Wilson buwọ́ lu òfin Smith-Hughes. Owó ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé. Owó náà wúlò, ṣùgbọ́n ó gbé ògiri dìde láàárín ọmọ oníwèé àti ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́. John Dewey, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, ti kìlọ̀ ṣáájú pé kí wọ́n má pín wọn. Ó dùn mí pé wọn kò gbọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tó yà síhà iṣẹ́ ọwọ́ ni wọn kò múra sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kankan lẹ́yìn girama.

Ó pẹ́ kí ẹnìkan tó fi gbogbo ara kọlu ògiri yẹn. Dale Parnell, olórí ẹgbẹ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, gbé ìwé jáde ní 1985 nítorí àwọn ọmọ tó wà láàárín, àwọn tó pọ̀ jù nínú kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ó dábàá méjì-pẹ̀lú-méjì: kí ọdún méjì tó gbẹ̀yìn ní girama àti ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì di ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Kí ni wọn yóò wá máa kọ́ wọn? Apá tó wù mí jù nínú ìtàn yìí nìyí. CORD, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ní Waco, Texas, wà lára àwọn tó ṣètò ẹ̀kọ́ físíìsì kan, Principles of Technology. Ohun tó ń mú nǹkan kúrò lójú kan ni wọ́n mú bí àpẹẹrẹ: nínú ẹ̀rọ, ipá ni, nínú páìpù omi, ìyàtọ̀ ìfúnpá, nínú wáyà iná, fóltéèjì, nínú ooru, ìyàtọ̀ ìgbóná. Ìlànà kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tẹ̀ lé. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n lórí páìpù kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́ nígbà tó bá dé ìdí iná.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1990, òfin Perkins tuntun, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, fi owó ti ètò méjì-pẹ̀lú-méjì yìí lẹ́yìn, wọ́n sì pè é ní Tech Prep. Òfin náà ní kí girama àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe àdéhùn. Olùkọ́ méjèèjì yóò jókòó, wọn yóò gbé ìwé ètò ẹ̀kọ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun tí ọmọ bá ti kọ́ dáadáa ní girama kò ní di àkọ́túnkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Owó kékeré kọ́ ni àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń fi pa mọ́ fún òbí.

Ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ owó Tech Prep dúró ní 2011. Orúkọ náà ń pa rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn àdéhùn náà kò bá a lọ. Títí di òní, ọmọ girama ń jókòó ní kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì ń ka máàkì rẹ̀ fún un níhà méjèèjì.