Gílóòbù tó ń tàn kì í ṣe oòrùn

Aláńgbá yín kò ní ibà. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí ó ti sú mi kí wọ́n máa gbé bearded dragon, aláńgbá ilẹ̀ Australia tí wọ́n ń sìn nílé, tó ń gbọ̀n láti ìka dé ìrù wá bá mi, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ́ oògùn ibà sínú omi fún un, tí wọ́n tún ti da àgbo jẹ̀dí sí i lẹ́nu. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ó ń gbọ̀n ni." Mo rí i. Mo fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó tẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Ibà kọ́ nìyẹn, eegun rẹ̀ ló ń tán.

Irú àpótí tó yẹ kí ẹ kó wọn sí, bí ẹ ó ṣe máa gbá ìgbẹ́ wọn, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ẹni tó ra ẹranko olówó ńlá yẹ kó ti mọ̀ ọ́n. Àríyànjiyàn tí wọ́n ń gbé wá sí ọ́fíìsì mi ni mo fẹ́ parí: nínú ooru, iná àti oúnjẹ, èwo ló ṣe kókó jù? Baálé á ní ooru ni, ìyàwó á ní oúnjẹ ni, ọmọ tó ka nǹkan lórí fóònù á ní iná ni. Ọmọ yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ gílóòbù LED lòun náà lọ rà.

Nínú ìtànṣán oòrùn, apá kan wà tí ojú ènìyàn kì í rí, UVB lorúkọ rẹ̀. Bó bá kan awọ aláńgbá, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè fítámì D3. Ooru ara á ràn án lọ́wọ́, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín á sì parí iṣẹ́ náà. Ẹ rí i pé ooru àti iná kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Bí D3 kò bá sí, ìfun kò lè fa calcium inú oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀ bó ti yẹ. Ọkàn àti iṣan kò sì lè ṣe kí wọ́n máà rí calcium lò, ni ara bá yíjú sí eegun, á máa bù ú níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ á wọ́, ẹ̀yìn á tẹ̀, àgbọ̀n á rọ̀.

Gílóòbù tí ẹ fi ń ríran nílé kò ní UVB tó lè ṣe nǹkan kan. LED ilé kò ní in. Gílóòbù pupa tí wọ́n ní kí ẹ máa tàn lóru kò ní in. Ó kàn ń dí ẹranko lọ́wọ́ oorun ni. Dígí fèrèsé ń dí UVB, nítorí náà aláńgbá tó ń yá oòrùn lẹ́yìn dígí ní pálọ̀ yín, ooru nìkan ló ń rí gbà. Kódà gílóòbù UVB gidi ń darúgbó: ẹ ó ṣì máa rí i tó ń tàn, UVB inú rẹ̀ á sì ti lọ.

Ẹ wo aláńgbá olórí pupa tó wà lórí fẹ́ǹsì yín. Èèrà àti èérún búrẹ́dì ló ń ṣà jẹ. Kò sẹ́ni tó fún un ní calcium rí, síbẹ̀ ó ń sáré gun ògiri, ó ń lé ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò láàlà. Inú oòrùn ló ń gbé.

Ní ti ooru, ẹ jẹ́ kí ibi tí bearded dragon ti ń yáná wà láàárín ìwọ̀n 38 sí 42 Celsius, kí òdìkejì àpótí má kọjá 30, kó lè yan èyí tó wù ú. Bí ara rẹ̀ kò bá gbóná, oúnjẹ kò ní dà, inú rẹ̀ ni yóò ti rà. Òkúta oníná tí wọ́n ń tà kiri, ẹ sọ ọ́ nù. Ikùn ló ń jó. Lálẹ́ ẹ̀rùn Àbújá, kò nílò ooru kankan láti ọwọ́ yín. Lákòókò ọyẹ́, pàápàá ẹ̀yin ará Jos, bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí. Ẹ má gbé ààrò eléèédú wọ yàrá o, èéfín rẹ̀ á pa ẹ̀yin àti aláńgbá pọ̀.

Oúnjẹ: ìrẹ̀ àti tata dára, àmọ́ calcium inú wọn kéré, nítorí náà ẹ wọ́n ìyẹ̀fun calcium sí wọn lára. Èèpo ẹyin tí ẹ bọ̀, tí ẹ sá, tí ẹ lọ̀ kúnná á ṣe é. Tẹ̀tẹ̀ ń di calcium mọ́lẹ̀. Ewé zogale (moringa) tí àwọn Hausa ń tà lọ́jà sàn jù ú lọ. Ẹ má fún un ní píà, ẹ má sì fún un ní tanátaná, irú kan wà nínú rẹ̀ tí májèlé rẹ̀ ń pa bearded dragon.

Gbogbo aláńgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹranko wọ̀nyí máa ń pa àìsàn mọ́ra títí yóò fi bọ́ sórí. Ìdí nìyẹn tí ayédèrú dókítà ẹranko fi ń rí owó gbà lọ́wọ́ yín, ẹni tó ń gun ọ̀kadà kiri, tó ń fi abẹ́rẹ́ kan náà gún ajá, ewúrẹ́ àti aláńgbá. Ivermectin, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fún ajá, ń pa alábahun. Ẹ bi í bóyá ó mọ̀. Odidi ọdún 6 ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ dókítà ẹranko ní yunifásítì Zaria. Ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ Veterinary Council of Nigeria hàn yín, ẹ wo bí yóò ṣe gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Ní oṣù Kẹta, mo ní kí ìdílé kan ní Lugbe, Àbújá, máa gbé tiwọn síta fún oòrùn. Mo ní inú àgò onínẹ́ẹ̀tì, mo ní kí òjìji wà níbẹ̀. Baba kọ ọ́ sílẹ̀ lójú mi. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n gbé àpótí dígí náà lódindi, tìdérí tìdérí, sí báńkónì, wọ́n wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aláńgbá kì í làágùn. Sísá sí òjìji ni ààbò rẹ̀, òjìji kò sì sí nínú dígí. Wọ́n bá a ní igun, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ti gan. Wọn ò gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ̀ wòlíì ni wọ́n gbà lọ, ìyẹn sì ní ikú tó ń bọ̀ wá bá àkọ́bí wọn ni aláńgbá gbà sórí. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́. Ìyá ọmọ ló pè mí tayọ̀tayọ̀, ó bi mí bóyá mo mọ ibi tí wọ́n ti lè ra òmíràn. Mo ní n kò mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí tiyín ṣì wà láàyè: àgò onínẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe dígí, kì í ṣe ike. Ẹ fi páálí bo ìdajì rẹ̀, kí oòrùn òwúrọ̀ kan ìdajì kejì fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kí ẹnì kan jókòó tì í, nítorí àwòdì pọ̀ lójú ọ̀run Àbújá, ológbò aládùúgbò náà kò sì jìnnà. Ẹni tí kò bá ráyè jókòó, kó ra gílóòbù UVB gidi, kó kọ ọjọ́ tó rà á sí i lára, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12, bó tilẹ̀ ṣì ń tàn yòò.