Agara Ọ̀sán: Kì í Ṣe Ìmẹ́lẹ́, Kì í Ṣe Ìfàsẹ́yìn

Nínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá méje tí wọ́n máa ń kà fún wa, èyí tí wọ́n ń pè ní ìmẹ́lẹ́ kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ rárá. Akedia ni Gíríìkì ń pè é: kí ọkàn má bìkítà mọ́. Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ọ̀lẹ, àwa náà sì gbà á lọ́wọ́ wọn láì wo orísun rẹ̀. Àwọn mìíràn ń kọ ọ́ ní "asídíà", tí ìyá àgbà kan kò lè gbọ́ kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ. Agara ọ̀sán ni èmi ń pè é.

Ẹ wo agara ná. Ara ni àárẹ̀ ń mú. Bí ènìyàn bá sùn dáadáa, ó lè lọ. Agara kì í bá oorun lọ, kì í sì í dá ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó di ìgbà tí ènìyàn bá ti ṣe ohun kan títí, tí ó ti fi sùúrù ṣe é, kí ó tó lè sọ pé agara dá òun. Nínú Gálátíà 6:9, agara ni Bíbélì wa ní kí ó má ṣe dá wa ní rere ṣíṣe, àárẹ̀ sì wà ní ìparí ẹsẹ kan náà. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ọ̀sán ńkọ́? Èmi kọ́ ni mo fi kún un. Evagrius ará Pọ́ńtù, tó gbé láàárín àwọn anìkàngbé aṣálẹ̀ Íjíbítì, àwọn onígbàgbọ́ tó ń dá gbé láti máa gbàdúrà, títí ó fi kú ní ọdún 399, ka èrò mẹ́jọ tó ń gbógun ti ọkàn, ó sì pe èyí ní ẹ̀mí èṣù ọ̀sán. Sáàmù 91:6 ló ti mú un: níbi tí Bíbélì wa ti sọ̀rọ̀ ìparun ọ̀sán gangan, ẹ̀mí èṣù ni Bíbélì Gíríìkì kọ síbẹ̀. Ó ní oòrùn á dà bí èyí tí kò rìn mọ́, ọjọ́ á gùn bí ẹni pé wákàtí 50 ló ní. Anìkàngbé náà á máa yọjú wo òde. Yàrá á sú u, iṣẹ́ ọwọ́ á sú u, á máa rò pé ìfẹ́ ti tán láàárín àwọn ará. Lẹ́yìn náà, gbogbo ọdún tó kù fún un á wá tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, gbọọrọ.

Mo kà á, mo rí ara mi. Ẹni ọdún 53 ni mí. Orúnkún tí mo fi ń gbàdúrà láti kékeré ti ń dùn mí, lẹ́tà Bíbélì mi ti kéré jù fún ojú mi, ẹni tí mo sì gbààwẹ̀ fún jù lọ láyé mi kú. N kò kọ Ọlọ́run. Ẹnu mi ń kọrin, ojú mi ń wo aago.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, ìfàsẹ́yìn ló pè é, ó ní kí n wá ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ mi jáde. Mo wá a fún oṣù mélòó kan. Ohun tí orúkọ tí kò yẹ ń ṣe fún ènìyàn nìyẹn. Ẹni tó fà sẹ́yìn ti kúrò níbi tó wà. Ẹni tí agara dá ṣì dúró síbẹ̀, ìdúró náà gan-an ló ń dùn ún. Àwọn kan á ní iyèméjì ni. Lóru ọjọ́ mìíràn iyè mi ń pín sí méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kò pín. Bí ẹ bá bi mí bóyá Kristi jíǹde, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, inú mi kò sì ní sọ kúlú bí ó ti ń sọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 20.

Ẹni tó bá sì ń pè é ní ọ̀lẹ síbẹ̀, John Cassian, tó gbé ẹ̀kọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn elédè Látìn, ti dá a lóhùn: ẹni tí agara yìí bá dá lè dìde lọ bẹ aláìsàn wò, kó ṣáà ti kúrò níbi tó jókòó. Kì í ṣe ìbànújẹ́ náà: Evagrius ka ìyẹn sí èrò ọ̀tọ̀.

Ẹ rò ó báyìí. Arìnrìn-àjò jáde ní kùtùkùtù, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, òjìji rẹ̀ gùn, ó ń lọ níwájú rẹ̀ bí afọ̀nàhàn. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, òjìji náà wọ abẹ́ ẹsẹ̀. Kò ṣìnà. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń tọ́ka síwájú mọ́, ibi tó ti ń bọ̀ sì jìnnà bí ibi tó ń lọ. A máa ń gbàdúrà pé kí alẹ́ ó san wá ju òwúrọ̀ lọ. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà fún ọ̀sán.

Ìmọ̀ràn Evagrius ni pé kí ènìyàn má kúrò níbẹ̀, kí apá kan ọkàn máa tu apá kejì nínú, bí onísáàmù ti ń bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè ní Sáàmù 42. Mo ń gbìyànjú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ ń darúgbó nínú ìjọ, pé agara ọ̀sán dá mi. Kò bá mi wí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Láti ìgbà wo?" Mo sọ fún un. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀.