Bí ìràwọ̀ òmìrán pupa ṣe di òṣùwọ̀n ọ̀nà jíjìn

Lọ́dún 1943, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣì ń jà, iná ìlú Los Angeles kò tàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n dín iná kù lálẹ́, kí ọ̀tá má baà rí ibi tí yóò dojú ìjà kọ. Lórí òkè Mount Wilson, nítòsí ìlú náà, ọkùnrin kan wà tó jàǹfààní òkùnkùn yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Walter Baade lorúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì sì ni. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi mọ́ Edwin Hubble, ti lọ ṣiṣẹ́ fún ológun Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi àṣírí ogun han ẹni tí ìjọba kà sí ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá? Wọ́n fi Baade sílẹ̀ sórí òkè, pẹ̀lú awò ìwo-ọ̀run tó tóbi jù láyé nígbà náà, èyí tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 100.

Ohun tó ń wá ti pẹ́ nílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1920 ni Hubble ti fi hàn pé Andromeda kì í ṣe ìkùukùu kan nínú àgbájọ ìràwọ̀ tiwa. Àgbájọ ìràwọ̀ mìíràn ni, ó dá dúró lọ́tọ̀. Ìràwọ̀ etí rẹ̀ ṣeé rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ kọ̀, ìmọ́lẹ̀ bàìbàì lásán ló ń jáde nínú fọ́tò. Baade kọ́kọ́ lo àwo dígí fọ́tò tó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù. Pàbó ló já sí. Ló bá yí padà sí èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa, ó ń dúró de òru tí afẹ́fẹ́ bá pa rọ́rọ́, á wá ṣí awò sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí àwòrán ẹyọ kan. Nígbà tó yá, àárín Andromeda àti àwọn àgbájọ kékeré méjì tó ń bá a rìn, M32 àti NGC 205, tú ká sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀.

Ó tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1944. Ohun tí gbogbo ènìyàn rántí nínú rẹ̀ ni pé oríṣi ìràwọ̀ méjì ló wà, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ búlúù àti àwọn àgbà aláwọ̀ pupa. Ní tèmi, nǹkan mìíràn tó wà níbẹ̀ ló wúwo jù. Àwọn ìràwọ̀ pupa yẹn kò yọ díẹ̀díẹ̀. Bí àwòrán bá ti lágbára dé ìwọ̀n kan báyìí, gbogbo wọn á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú wọn ní ààlà tí kò kọjá, ààlà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú àgbájọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ló dé tí ìràwọ̀ yóò fi ní ààlà? Kò sẹ́ni tó mọ̀ lọ́dún náà. Ìràwọ̀ tó bá jọ oòrùn wa máa ń sun háídírójìn inú rẹ̀ di hẹ́líọ́mù. Nígbà tí háídírójìn bá tán ní àárín gbùngbùn, eérú hẹ́líọ́mù ló kù síbẹ̀, iná á sì máa jó yí i ká. Ara ìràwọ̀ á wú, á tutù díẹ̀, á pọ́n, ó di òmìrán nìyẹn. Bí eérú àárín yẹn bá ṣe ń wúwo sí i ni ìràwọ̀ á ṣe máa mọ́lẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún eérú náà pọ̀ débi pé kò hùwà bí afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́: bó ti wù kó gbóná tó, kò ní wú. Nígbà tí ìgbóná rẹ̀ bá dé nǹkan bí ìwọ̀n mílíọ̀nù 100, hẹ́líọ́mù gbiná, kò sì sí ohun tó lè tètè rọ̀ ọ́ lójú. Àárín ìràwọ̀ á tú, ìràwọ̀ á wálẹ̀ láti orí òkè ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Leon Mestel ti tọ́ka sí irú ìgbiná yìí lọ́dún 1952. Martin Schwarzschild àti Richard Härm ló fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1962. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: yálà ìràwọ̀ náà kéré díẹ̀ tàbí ó tóbi díẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, eérú àárín kì í gbiná àfi tó bá wúwo tó bí ìdajì oòrùn, ó dín díẹ̀. Nítorí náà, ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń yí padà, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wọn bá ti lé ní ìlọ́po 2,000 ti oòrùn.

Bí a bá mọ bí àtùpà kan ṣe lágbára tó, bó ṣe rí lójú wa ló máa sọ bó ṣe jìnnà tó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi òye yìí ṣe òṣùwọ̀n gidi. Cepheid ló gba gbogbo ojú, àwọn ìràwọ̀ tó ń tàn tó sì ń ṣú léraléra, tí Henrietta Leavitt ti fi ìlànà wọn hàn lọ́dún 1912: bí ọ̀kan bá ṣe ń pẹ́ tó kó tó tàn tó sì ṣú ló ń sọ bó ṣe lágbára tó. Jeremy Mould àti Jerome Kristian lo òmìrán pupa fún Andromeda àti àgbájọ mìíràn tó ń jẹ́ M33 lọ́dún 1986. Lọ́dún 1990, Gary Da Costa àti Taft Armandroff wọn àwọn òmìrán inú àwọn òṣùṣù ìràwọ̀ tó wà nínú àgbájọ tiwa dáadáa. Ọdún 1993 ni Myung Gyoon Lee, Wendy Freedman àti Barry Madore wá sọ ọ́ di ìlànà. Wọn kò fi ojú lásán mú ààlà náà mọ́, irinṣẹ́ tí àwọn oníkọ̀ǹpútà fi ń wá etí nǹkan nínú àwòrán ni wọ́n lò. Òṣùwọ̀n wọn sì bá ti Cepheid mu.

Ó tún rọrùn ju Cepheid lọ. Èèyàn ní láti padà sọ́dọ̀ Cepheid léraléra kó tó mọ bó ṣe ń tàn tó sì ń ṣú. Ní ti òmìrán pupa, àbẹ̀wò ẹyọ kan lè tó, ní etí àgbájọ ìràwọ̀ tí kò ti sí eruku tàbí ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tó há mọ́ra. Pẹ̀lú awò Hubble tó lọ sójú òfurufú lọ́dún 1990, wọ́n wọn àwọn àgbájọ tó jìnnà tó ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 50 (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan), títí kan àwọn tí ìràwọ̀ kan ti bú gbàmù nínú wọn. Àwọn tó bú gbàmù yẹn ló ń gbé òṣùwọ̀n lọ síwájú jìnnà.

Ìjà dé lọ́dún 2019, lórí bí àgbáyé ṣe ń yára fẹ̀ tó. Àwọn tó ń lo Cepheid, tí Adam Riess ṣáájú wọn, sọ pé bí àgbájọ ìràwọ̀ bá fi ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 3.26 jìnnà sí i, eré tó fi ń sá fún wa á fi kìlómítà 74 lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Awò Planck, tó wo ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ayé, ní 67.4 ni. Freedman àti àwọn tiẹ̀ gbé òmìrán pupa wá, wọ́n rí 69.8, ó bọ́ sáàárín! Ẹgbẹ́ Riess kò gbà, wọ́n ní ìṣirò eruku tó bo ìkùukùu ńlá ti Magellan, àgbájọ ìràwọ̀ kékeré kan nítòsí tiwa, níbi tí ẹgbẹ́ Freedman ti mú ìwọ̀n òmìrán, kò péye.

Lọ́dún 2024, Freedman tún padà dé pẹ̀lú awò James Webb, ó sì tún rí iye tó sún mọ́ 70. Webb dára fún òmìrán pupa nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju pupa lọ ni wọ́n ń tú jáde jù. Àmọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ààlà náà kì í tẹ́jú, ó ń gòkè bí àwọ̀ ìràwọ̀ bá ṣe pọ́n tó, wọ́n sì ní láti yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń fi òmìrán pupa ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀nà mìíràn, èyí tó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ àgbájọ ṣe rí gátagàta nínú àwòrán, kí wọ́n lè dé ọ̀nà jíjìn láìgba ọ̀dọ̀ Cepheid tàbí ìràwọ̀ tó bú gbàmù kọjá.