Ta ló kọ́ àwọn ará Ròmáníà ní píánò: Paris, Moscow, àbí obìnrin kan ní Bucharest?

Radu Lupu, ọmọ Ròmáníà tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn atẹpíánò tó lórúkọ jù lágbàáyé, jáde láyé ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2022 ní ìlú Lausanne. Ẹni ọdún 76 ni. Àwọn kan ní ọwọ́ Rọ́ṣíà ló fi ń tẹ píánò. Àwọn mìíràn ní ọmọ ìyá lòun àti Dinu Lipatti, atẹpíánò ará Ròmáníà tó ṣáájú rẹ̀, nínú iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Faransé ni wọ́n máa ń sọ pé Lipatti ní. Ọ̀rọ̀ wá dojú rú mọ́ àwọn òǹkàwé wa lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní ọwọ́ Faransé?

Ìka ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1795, wọ́n máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí apá dúró jẹ́ẹ́, kí ìka máa sáré, kí ohùn kọ̀ọ̀kan sì dá yàtọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn. Píánò Érard àti Pleyel tí wọ́n ń lò fúyẹ́ lábẹ́ ìka, kò béèrè agbára. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní tiwọn a máa fi ìwúwo apá àti èjìká tẹ̀ ẹ́, kí ohùn lè jinlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Alfred Cortot gan-an, tó jẹ́ àgbà olùkọ́ ní Paris, kò gbà pé ìka nìkan tó. Ẹni tó bá ní ọwọ́ Faransé kan ṣoṣo ló wà, kò tíì gbọ́ Cortot.

Báwo ni Ròmáníà ṣe bá Paris tan?

Inú èdè Látìn ni èdè Ròmáníà àti ti Faransé ti jáde, àwọn olówó Bucharest sì máa ń rán ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Clara Haskil, atẹpíánò tí wọ́n bí ní Bucharest ní 1895, gba ẹ̀bùn kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ Paris yẹn ní 1910, lọ́mọ ọdún 15. Nínú ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ Cortot ni. Lazare Lévy, olùkọ́ mìíràn níbẹ̀, ló jókòó kọ́ ọ jù. Cella Delavrancea, atẹpíánò ará Ròmáníà mìíràn, kọ́ tirẹ̀ ní Paris lọ́dọ̀ Isidor Philipp, ó padà sílé, òun náà sì kọ́ Lupu lẹ́yìn náà.

Lipatti ńkọ́?

Ní 1933 ó ṣe ipò kejì nínú ìdíje kan ní Vienna. Cortot wà lára àwọn adájọ́. Inú bí Cortot pé Lipatti kò ṣe ipò kìíní, ó kọ̀wé fipò adájọ́ sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Lipatti ti wà ní Paris lọ́dọ̀ rẹ̀, ó tún ń kọ́ bí a ṣe ń kọ orin lọ́dọ̀ Paul Dukas. Nígbà tí Dukas kú, ó bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ orin mìíràn, Nadia Boulanger.

Àmọ́ ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó dé Paris, ọwọ́ rẹ̀ ti já gaara. Florica Musicescu ló kọ́ ọ ní Bucharest. Ibo ni Musicescu fúnra rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́? Leipzig, ní Jámánì. Ẹ wá bá mi pín in: Jámánì ló fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni, àbí Ròmáníà, àbí Faransé? Lójú tèmi, Paris kun ilé ni, Musicescu ló kọ́ ọ.

Ṣé Lupu náà gba ọwọ́ Musicescu kọjá?

Bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ló wá gbé e lọ Moscow?

Òṣèlú. Lẹ́yìn tí ọba Ròmáníà fi orí oyè sílẹ̀ ní ìparí 1947, tí àwọn kọ́múnísì gba ilẹ̀, ọ̀nà Paris dí, ti Moscow là. Ní 1961, wọ́n fún Lupu ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sọ́hùn-ún.

Ṣé Faransé tọ́jú àwọn ènìyàn rẹ̀ yìí?

Kì í ṣe gbogbo wọn. Júù ni Haskil. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, tí Jámánì gba Paris, ó sá kúrò ní Paris lọ sí Marseille, ó sì gba ibẹ̀ kọjá sí Swítsálándì. Júù ni Lévy, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Cortot ní tirẹ̀ gba ipò lọ́dọ̀ ìjọba Vichy, ìjọba Faransé tó bá Jámánì ṣe nígbà ogun náà.

Ṣé etí lásán lè mọ ọwọ́ ẹni?

Ó lè mọ̀ ọ́n, ó sì lè tàn yín. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n gbé àwo kọ́ńsátò Chopin kan (orin tí píánò àti ẹgbẹ́ olórin jọ ń ṣe) jáde pé Lipatti ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀ràn yìn ín títí. Ní 1981 àṣírí tú pé Halina Czerny-Stefańska, obìnrin ará Poland, ló ni ọwọ́ yẹn. Wọn kò gba ìyìn wọn padà.

Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ṣé dò-rè-mí wọn kì í ṣe tiwa?

Rárá o, ẹ fara balẹ̀ síbí. Sólífà tiwa, àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dò rẹ̀ sì ń ṣí kiri: bí orin bá wà ní kíì G, G ni dò, bó bá bọ́ sí F, F di dò. Ní Faransé àti Ròmáníà, dò kì í kúrò lójú kan. C ni, bí orin ṣe wù kó yí. Ẹni tó bá gbé ìwé Faransé, tó ń fi dò tiwa kà á, á kọrin tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí.

Ọmọ mi ń kọ́ píánò. Ṣé kí n wá olùkọ́ ọwọ́ Faransé fún un?

Ẹ wá olùkọ́ tó ń gbọ́ ohùn tí ọmọ ń mú jáde, tí kì í ṣe ẹni tó kàn ń ka àṣìṣe. Ẹ tún wo ohun tó ń tẹ̀ nílé. Kíbọ́ọ̀dù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò wúwo lábẹ́ ìka lè kọ́ ọ ní eré ìka, kò lè kọ́ ọ ní ìwúwo apá.

Ṣé ìka nìkan lè ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́?

Bí ọrùn ọwọ́ bá le gbagidi, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń dun ọmọ, kó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Ẹ má sọ pé kó rọ́jú.

Ta ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?

Kọ́ńsátò tí Grieg, olórin ará Norway, kọ. Lipatti gbà á sílẹ̀ ní 1947, Lupu ní 1973. Ìlù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, píánò á sì já wọlé lójijì, nítorí náà ẹ má yí ohùn rédíò sókè jù.