Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Àfòpiná Tí Wọ́n Ń Pè Ní Neopalpa donaldtrumpi

Kí ọdún 2017 tó dé, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ kà mọ́ ìran àfòpiná tí ń jẹ́ Neopalpa. Dalibor Povolný, ọmọ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ni ó sọ ìran náà lórúkọ ní 1998, Neopalpa neonata sì ni ẹ̀yà tí ó fi sínú rẹ̀. Àfòpiná tíntìntín ni wọ́n, tí ènìyàn lè rí lára ògiri kí ó má tilẹ̀ bìkítà.

Vazrick Nazari, olùwádìí kan ní ìlú Ottawa ní Kánádà, ń yẹ àwọn àfòpiná gbígbẹ wò, èyí tí ó wá láti ilé àkójọ kòkòrò Bohart ní yunifásítì Davis ní Kalifọ́níà, nígbà tí ó rí àwọn kan tí kò bá ẹ̀yà kankan tí a ti mọ̀ mu.

Àwọ̀ ìyẹ́ nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìpẹ́ ara àfòpiná máa ń ṣí dànù bí ó bá ti gbó tàbí tí ó bá kó sínú pàkúté. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ikùn kòkòrò náà, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kẹ́míkà títí ẹran ara rẹ̀ yóò fi yòrò, kí ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ tó le lè hàn kedere lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ti akọ ẹ̀yà tuntun yìí kéré sí ti neonata. Nazari tún lo DNA, ní ọ̀nà tí Paul Hebert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Guelph, ní Kánádà kan náà, gbé kalẹ̀ ní 2003, níbi tí a ti ń fi abala kúkurú kan nínú DNA ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 2017, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìbúra Donald Trump, ni orúkọ náà jáde. Ìpẹ́ funfun tí ó pọ́n bí ìyeyè ní orí kòkòrò náà ni ó jọ irun ààrẹ, Nazari sì ní òun fẹ́ kí orúkọ náà mú kí ayé bojú wo àwọn ibùgbé ẹ̀dá tí ìlú ńlá ń gbà ní gúúsù Kalifọ́níà àti Baja California ní Mẹ́síkò, níbi tí àfòpiná yìí ń gbé. Ní tèmi, ariwo orúkọ bo iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ tí ó rẹ́rìn-ín sí irun orí rẹ̀ kò gbọ́ pé, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kò tíì sí ẹni tí ó mọ ewéko tí ìdin rẹ̀ ń jẹ.