Owó orí ìbílẹ̀: ọjọ́ wo ni ìlú tuntun ń kà yín mọ́ ará ibẹ̀?

Ẹni tó bá ń palẹ̀ mọ́ láti kó lọ sí ìlú mìíràn á béèrè iye tí wọ́n ń yá ilé, á béèrè bí ibi iṣẹ́ ṣe jìnnà sí, á wo ilé-ìwé ọmọ. Owó orí ìbílẹ̀ kì í sábà sí nínú ìbéèrè yẹn. Ó di ìgbà tí ìwé bá gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé kí ojú tó là.

Owó orí ìbílẹ̀ ni owó tí ìlú tàbí àgbègbè tí èèyàn ń gbé ń gbà fún ara rẹ̀, yàtọ̀ sí ti ìjọba àpapọ̀. Òun ni wọ́n ń ná sórí kíkó pàǹtírí, iná ojú pópó àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Orí ilé àti ilẹ̀ ni àwọn kan ń gbé e lé, àwọn mìíràn ń bù ú nínú owó tó ń wọlé fún ẹni, àwọn kan sì ń fi kún owó ọjà tí a bá rà. Àwọn ìlú kan ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. New York wà lára wọn.

“Mélòó ni?” ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lójú tèmi, “láti ọjọ́ wo?” ló yẹ kó ṣíwájú. Òfin ibi púpọ̀ ní ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó jẹ́ tiwọn. Ní Japan, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni. Ìlú tí ẹ bá ń gbé lọ́jọ́ náà ló ni owó orí ìbílẹ̀ yín fún ọdún yẹn, bí ẹ tilẹ̀ kó ẹrù yín jáde lọ́jọ́ kejì. Owó tí ẹ pa lọ́dún tó kọjá ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, oṣù kẹfà ni wọ́n sì tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó kó lọ lè rí i pé ìgbà tí àpò gbẹ ni ìwé owó orí ìgbà tí àpò kún ń dé. Sweden ń wo ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú: ìlú tí orúkọ yín bá wà lákọsílẹ̀ lọ́jọ́ náà, iye tiwọn lẹ máa san jálẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ti England yàtọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ka èyí tí wọ́n ń pè ní council tax, nítorí náà ẹni tó bá kó lọ láàárín ọdún á san ti ìwọ̀nba ọjọ́ tó lò níbi kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀fíìsì méjèèjì lẹ máa sọ fún, ti ibi tí ẹ ti ń kúrò àti ti ibi tí ẹ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tó máa ń rú èèyàn lójú ni iye tí ìjọba ka ilé sí, torí ó lè jìnnà gan-an sí iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé owó orí ilé ní Amẹ́ríkà, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ náà “mill”. Mill kan ni dọ́là 1 lórí dọ́là 1,000 kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ka ilé sí dọ́là 200,000, tí ìlú sì ń gba mill 15, dọ́là 3,000 lọ́dún nìyẹn.

Ní California, òfin tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí lọ́dún 1978, Proposition 13, kò jẹ́ kí iye tí wọ́n ka ilé sí fi ju ìdá 2 nínú 100 gòkè lọ́dún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta ilé náà, wọ́n á tún un kà ní iye òde òní. Ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ fún 30 ọdún lè máa san táṣẹ́rẹ́, kí aládùúgbò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú ilé kan náà máa san ìlọ́po rẹ̀. Olùrajà tó bá fi ìwé owó orí ẹni tó ń ta ilé fún un ṣe ìṣirò, ẹ̀wù ẹlẹ́wù ló fi ń wọn ara rẹ̀. Ní England ńkọ́? Iye tí ilé ì bá tà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1991 ni wọ́n ṣì fi ń pín ilé sí ọ̀wọ́, láti A dé H. Ilé tí wọ́n kọ́ lọ́dún tó kọjá pàápàá, wọ́n á fojú inú wo iye tí ì bá tà nígbà tí wọn ò tíì yọ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ta ló wá ń san án? Ní Amẹ́ríkà, onílé ni wọ́n ń fi ìwé owó orí ilé ránṣẹ́ sí. Ayálégbé ń san tirẹ̀ nínú owó ilé láìmọ̀. Ní England, ayálégbé fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń san án, nítorí náà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé, ẹ béèrè ọ̀wọ́ tí ilé náà wà. Àgbà kan ṣoṣo tó ń dá gbé lè rí ẹ̀dínwó ìdá 25 nínú 100 gbà, àmọ́ ó ní láti béèrè fún un.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó sùn lẹ́yìn odi ìlú ti bọ́. Philadelphia ń bu owó orí nínú owó oṣù àwọn tó kàn ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Bí ẹ bá kó lọ tí ẹ ò sì jọ̀wọ́ ilé àtijọ́, ìyẹn náà lè ní owó tirẹ̀: láti ọdún 2023, France ti mú owó orí ibùgbé kúrò lórí ilé tí èèyàn ń gbé gan-an, àmọ́ wọ́n ṣì ń gbà á lórí ilé kejì.

Jámánì ń fún ẹni tó bá kó wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú. Bí ẹ bá ní ajá, ẹ mú orúkọ tirẹ̀ náà dání, torí ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ ló ń gba owó orí ajá, ti ajá kejì sì sábà máa ń wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ.